Àṣìṣe Tí Kò Pa Ẹnikẹ́ni Lẹ́rìn-ín

Òǹwòran Kùmásì kì í ṣe ẹni tí ènìyàn lè tètè tàn jẹ. Bí jagunjagun tí ó yẹ kí ó máa jà ní ọdún 1874 bá gbé apá sókè nínú fíìmù, tí aago sì ń dán ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, gbogbo àwọn tí wọ́n jókòó yóò bú sẹ́rìn-ín. Bí òpó iná mànàmáná bá yọ lẹ́yìn ààfin, wọn yóò nàka sí i. Bí ìjòyè bá da aṣọ bora, tí ó fi èjìká kan sílẹ̀ láìbò gẹ́gẹ́ bí àṣà Àṣàǹtí, tí àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára sì hàn ní apá rẹ̀, ẹnì kan yóò rí i. Bí akọrin bá bẹ̀rẹ̀ orin pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ pupa lọ́rùn, tí ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé parí orin kan náà, ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ pariwo. Ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò burú. Ó fi hàn pé ojú òǹwòran là. Ohun tí ó burú ni pé wọ́n ti fi ẹ̀rín náà ṣe òpin ìdájọ́. Wọ́n gbà pé nígbà tí wọ́n bá ti ka aago ọwọ́ àti òpó iná tán, wọ́n ti ka àṣìṣe fíìmù náà tán. Irọ́ gbáà ni. Nínú fíìmù olórin tí ó ń sọ ìtàn ayé àtijọ́, àṣìṣe tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni ó fúyẹ́ jù. Èyí tí ó ń ba ìlú jẹ́ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín sí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́ láàrin àwọn tí wọ́n ń wò ó.

Ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ibi tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti ń wá. A kì í ya fíìmù bí a ṣe ń wò ó. Ìran tí ó gbẹ̀yìn lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà. Ìdajì orin kan lè jẹ́ ti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ìdajì kejì jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nítorí náà ni àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí ṣe máa ń yan ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ olùdarí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa kọ nǹkan sílẹ̀: aṣọ wo ni ó wà lára ta ni, ọwọ́ wo ni ó fi di ife mú, ibo ni oòrùn wà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ẹni yìí ni fíìmù fi ń ṣọ́ tirẹ̀. Ti fíìmù olórin tún le ju ti ìyókù lọ. Wọ́n sábà máa ń gba orin sílẹ̀ ṣáájú nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, kí àwọn òṣèré tó wá máa la ẹnu tẹ̀ lé e níwájú kámẹ́rà. Ẹni tí ó ń lu ìlù lójú àwòrán lè má jẹ́ ẹni tí ó lu èyí tí etí ń gbọ́. Bí ọwọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ìlù ti dún, àṣìṣe kan nìyẹn. Bí ìlù tí ojú ń rí kò bá jẹ́ irú ìlù tí etí ń gbọ́, àṣìṣe mìíràn nìyẹn, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kùmásì ní ìdí tirẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni iṣẹ́ fíìmù èdè Twi ti gbilẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ tí gbogbo Gánà wá mọ̀ sí Kumawood. Ẹni tí ó bá kẹ́gàn iṣẹ́ náà kò mọ ohun tí ó ṣe. Nígbà tí ọ̀pọ̀ fíìmù Accra ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Kùmásì ni ó fi èdè Akan sí ẹnu òṣèré, tí ìyá arúgbó tí kò kàwé fi lè jókòó wo fíìmù láìsí ògbufọ̀. Àwọn òṣèré bíi Agya Koo di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kíákíá ni: ọ̀pọ̀ fíìmù ni wọ́n ń yà tán láàrin ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan, tí òṣèré sì ń fi orí ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Fún ìtàn ọkọ àti aya ní Kùmásì òde òní, ọ̀nà yìí gbè wọ́n. Aṣọ tí òṣèré wọ̀ wá láti ilé ni aṣọ tí ó yẹ. Ilé tí wọ́n yá ni ilé tí ó yẹ. Nígbà tí wọ́n bá mú ọ̀nà kan náà lọ sí ayé Prempeh Kìíní, gbogbo ohun tí òṣèré mú wá láti ilé ni ó di àṣìṣe.

Àwọn agbẹjọ́rò irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní àwíjàre méjì tí wọn kì í fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn òyìnbó náà ń ṣe é. Òótọ́ ni. The Sound of Music, fíìmù olórin tí Robert Wise darí, tí ó jáde ní ọdún 1965, sọ ìtàn ìdílé kan tí ó sá kúrò ní Austria ní ọdún 1938. Nínú ìran ọjà kan níbẹ̀, àpótí ọsàn tí wọ́n kọ orúkọ Ísírẹ́lì sí lára hàn gbangba. Bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì òde òní kò sí kí ó tó di ọdún 1948. Ní ìparí fíìmù náà, ìdílé yìí gun òkè láti Salzburg lọ sí Switzerland. Switzerland jìnnà sí Salzburg. Jámánì tí wọ́n ń sá fún gan-an ni ó wà lẹ́yìn àwọn òkè ìtòsí ibẹ̀. Ìdílé tòótọ́ tí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin ni, wọ́n sì gba Ítálì lọ. Síbẹ̀, fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar márùn-ún. Bí ti àwọn olówó bá rí báyìí, ni àwọn agbẹjọ́rò ń wí, kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ará Kùmásì lẹ́nu?

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ẹni tí fíìmù bá ṣì lọ́nà nípa Salzburg lè rí ìwé, àwòrán àti àkọsílẹ̀ tí yóò tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Fíìmù jẹ́ ẹlẹ́rìí kan láàrin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́rìí. Ti Kùmásì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1874, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Garnet Wolseley ṣáájú wọ ìlú náà, wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́ ààfin, wọ́n sì dáná sun ìlú. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan fún ìrántí Yaa Asantewaa ní agbègbè Ejisu. Ní oṣù Keje ọdún 2004, iná jó o, bàtà rẹ̀ àti ẹ̀wù ogun rẹ̀ sì bá a lọ. Ìlú tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀, tí iná sì ti jó èyí tí ó ṣẹ́ kù, kò ní ẹlẹ́rìí tí ó pọ̀ tó débi tí yóò fi máa fi ọ̀kan ṣeré. Níbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọmọdé, fíìmù ni ilé ìwé, òun náà sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi èyí hàn. Àpótí Wúrà tí àwọn Àṣàǹtí ń pè ní Sika Dwa Kofi kì í ṣe ìjókòó. Ọba kì í jókòó lé e. Kì í fara kan ilẹ̀. Ó ní àga tirẹ̀ tí wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí gbogbo Àṣàǹtí ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1900, Gómìnà Frederick Hodgson dúró níwájú àwọn ìjòyè ní Kùmásì, ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi gbé Àpótí náà wá kí òun jókòó lé e ní orúkọ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀, Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, sì ni ó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò. Wọ́n kó obìnrin náà lọ sí erékùṣù Seychelles, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1921. Hodgson kò rí Àpótí náà títí ó fi lọ.

Ẹ wáá rò ó wò. Olùdarí fíìmù kan fẹ́ ṣe orin ìyìn fún ọba. Ó kun àpótí igi ní àwọ̀ wúrà, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí òṣèré tí ó ń ṣe ọba jókòó lé e, kí agbo akọrin sì máa yí i ká. Ìran náà dùn ún wò. Kò sí aago lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí òpó iná lẹ́yìn ilé, kò sì sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìran kan fi ẹ̀jẹ̀ kọ̀ fún gómìnà, kámẹ́rà ti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú orin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá wò ó yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń jókòó lé e náà ni, kí ni wọ́n wá torí rẹ̀ jà ní ọdún 1900?

Nínú orin gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, nítorí pé orin ni ó sọ fíìmù olórin di fíìmù olórin. Ní ilẹ̀ Àṣàǹtí, ìlù kì í ṣe ariwo ọ̀ṣọ́. Atumpan ń sọ̀rọ̀ bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Kete àti fontomfrom jẹ́ ti ọba àti àwọn ìjòyè. Nnwonkoro jẹ́ orin àwọn obìnrin. Bí wọ́n bá lu kete síbi ìgbéyàwó àgbẹ̀ kan ní abúlé nítorí pé ó dùn létí, wọ́n ti fi àgbẹ̀ náà jọba láìmọ̀. Bí atumpan bá ń dún níwájú ọba lójú àwòrán, tí ẹni tí ó lù ú ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kàn ń wá ìró tí yóò bá orin mu, ìsọkúsọ ni ìlù náà ń sọ níwájú ọba, àgbà tí ó gbédè ìlù yóò sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn Yorùbá mọ ohun tí èyí jẹ́. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé Saworoide jáde ní ọdún 1999, láti inú ìtàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ìlù ni òpó tí gbogbo ìtàn náà fara tì. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí ìlù wí kò tí ì gbọ́ fíìmù náà tán.

Ọ̀rọ̀ gìtá náà wà níbẹ̀. Ọdún 1928 ni ẹgbẹ́ olórin Kumasi Trio, tí Kwame Asare ṣáájú, gba orin “Yaa Amponsah” sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà ìta gìtá tí ó wà nínú rẹ̀ sì di ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ orin highlife. Nítorí pé orin náà ti pẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti wà láti ìwáṣẹ̀. Ṣé ó wá yẹ kí àwọn ará ìlú máa ta gìtá highlife sunkún nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń mú Prempeh lọ sí ìgbèkùn ní ọdún 1896? Ó tọ́ láti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín. Orin tí olùdarí fi sábẹ́ àwòrán fún etí òǹwòran lè jẹ́ ti ìgbà tí ó bá wù ú. Kò sí ẹni tí yóò rò pé àwọn ènìyàn inú ìtàn ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orin tí àwọn ènìyàn inú ìtàn fi ẹnu ara wọn kọ, àti ìlù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lù, ẹ̀rí ni. Ó ń sọ pé báyìí ni wọ́n ṣe ṣọ̀fọ̀. Bí ó bá jẹ́ irọ́, irọ́ nípa ọkàn wọn ni.

Ìgbà tí ó wà nítòsí ṣì ní ẹlẹ́rìí. Nígbà tí Kèlání gbé fíìmù Ayinla jáde ní ọdún 2021, nípa Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, àwọn tí wọ́n jó sí orin ọkùnrin náà ṣì wà láàyè, àwo orin rẹ̀ sì wà nílé wọn. Bí ìlù bá ṣìnà, wọn yóò sọ. Ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó ń ya ìtàn ọdún 1874? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí kò ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sáré.

Bákan náà ni ti ohun tí ó wà lẹ́yìn òṣèré àti ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ọdún 1879 ni Tetteh Quarshie mú èso kòkó ti Fernando Po wá sí Mampong-Akuapem. Nítorí náà, kò lè sí oko kòkó tí àwọn jagunjagun ọdún 1874 yóò máa gbà kọjá. Àwọn ọdún 1890 ni àǹkárá àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọjà ní etíkun Gold Coast. Bí àwọn obìnrin bá wọ̀ ọ́ láti fi orin pàdé Thomas Bowdich nígbà tí ó wá sí Kùmásì ní ọdún 1817, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí kò tí ì sí ni ó ṣe aṣọ wọn. Nígbà tí Prempeh sì padà wálé ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á ní Asantehene. Kumasihene ni wọ́n jẹ́ kí ó jẹ ní ọdún 1926, ó kú ní ọdún 1931, ọdún 1935 ni wọ́n sì tó dá ipò Asantehene padà. Fíìmù tí ó bá jẹ́ kí gómìnà kí i ní Asantehene ní gbangba ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nu gbogbo ìyà náà nù. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èwo ni òǹwòran yóò rẹ́rìn-ín sí?

Àwíjàre kejì ni owó. Wọ́n ní kò sí owó láti ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Hollywood. Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó ni wọ́n fi ń kó ẹgbẹ̀rún jagunjagun jọ síwájú kámẹ́rà; kì í ṣe owó ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọba kì í jókòó lé Àpótí Wúrà. Ìwé kan àti bírò kan tó fún ẹni tí yóò máa ṣọ́ ìlẹ̀kẹ̀ akọrin. Ààfin Manhyia tí Prempeh gbé lẹ́yìn tí ó padà dé ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1995. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Fowler Museum ti Los Angeles dá ohun méje padà pátápátá fún àwọn Àṣàǹtí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ohun méjìlélọ́gbọ̀n tí British Museum àti Victoria and Albert Museum fi yá wọn fún ọdún mẹ́ta di ohun tí gbogbo ènìyàn lè wò ní Manhyia. Bonwire tí wọ́n ti ń hun kente àti Ntonso tí wọ́n ti ń tẹ adinkra kò jìnnà sí ìlú. Ibùdó Àṣà tí A. A. Y. Kyerematen dá sílẹ̀ ní ọdún 1951 wà nínú Kùmásì fúnra rẹ̀. Ìwé tí Bowdich tẹ̀ jáde ní ọdún 1819 ní àwòrán àti orin tí ó kọ sílẹ̀ nínú. J. H. Kwabena Nketia, ọmọ Mampong ti Àṣàǹtí, tí ó gbé ayé láti ọdún 1921 sí 2019, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí orin àti ìlù Akan. Ìwé rẹ̀ lórí orin arò jáde ní ọdún 1955. Olùdarí tí kò ka ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, tí kò sì bi àgbà kan léèrè, kì í ṣe tálákà. Ó kàn ń kánjú ni. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Kí wọ́n bẹ àgbà kan wá sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀ fún wákàtí méjì kí orin tó wọ inú ẹ̀rọ, ìyẹn kò lè sọ iṣẹ́ kankan di gbèsè.

Àṣìṣe kan ṣẹ́ kù, òun ni ó kan àwọn tí wọ́n ń ka èdè Yorùbá tààrà. Kùmásì àwọn ọdún 1950 àti 1960, ayé highlife àti ayọ̀ òmìnira Gánà ní ọdún 1957, jẹ́ ìgbà tí ó wu ènìyàn láti fi ṣe fíìmù olórin. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Gánà ṣe ń múra ní òpin àwọn ọdún wọ̀nyẹn lè wo I Told You So, tí Egbert Adjesu darí fún Ghana Film Industry Corporation, tí ó jáde ní ọdún 1970. Ohun tí ó jẹ́ òde òní fún wọn ti di ẹ̀rí fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá wọ ọjà Kùmásì ìgbà náà, ta ni ó yẹ kí ó bá nídìí ìsọ̀? Àwọn Yorùbá wà níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlọrin, ará Ọ̀ffà, ará Ṣakí, tí wọ́n ti tajà níbẹ̀ pẹ́, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n sì ti bí ọmọ tí ó ń sọ Twi bí ọmọ onílẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ìran kan, ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ wà nídìí ìsọ̀ rẹ̀. Nínú ìran tí ó tẹ̀ lé e, kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn ni ó jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ibi tí ó lọ. Bí ó bá jẹ́ inú fíìmù ni, òǹwòran yóò nàka sí i pé ìtẹ̀léra ìran ti já. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti bo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má fi ìyá náà sínú ìran àkọ́kọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù Èkó kan nípa ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 yóò jẹ̀bi, bí kò bá sí ará Gánà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé Nàìjíríà lé wọn ní oṣù Kìíní ọdún 1983.

Kò sí ẹni tí ó ní kí Kùmásì má ṣe fíìmù olórin nípa ayé àtijọ́. Orin ń dé ibi tí ìwé kò lè dé, ó sì ń pẹ́ lórí ju ẹ̀kọ́ olùkọ́ lọ. Nítorí èyí gan-an ni irọ́ inú rẹ̀ fi lágbára. Kí àwọn tí ń ṣe é yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ìtẹ̀léra ìran, kí wọ́n sì fún un láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró. Kí wọ́n kọ orúkọ àgbà tí ó yẹ orin àti ìlù wò sí ìparí fíìmù, kí ènìyàn lè mọ ẹni tí yóò dáhùn bí wọ́n bá ṣìnà. Kí òǹwòran náà sì tún ìbéèrè rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ó bá ti rẹ́rìn-ín sí aago ọwọ́ tán, kí ó béèrè irú ìlù tí ń dún, ẹni tí wọ́n ń lù ú fún, àti ẹni tí ó yẹ kí ó wà ní ọjà náà tí kò sí níbẹ̀. Olùdarí tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, kí ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ padà wá sí ayé òde òní, níbi tí aṣọ tí òṣèré wọ̀ wá láti ilé ti tó fún un, títí yóò fi rí ìdáhùn.